Bí Ilé Bá Ń Di Ọ̀tun, Níbo Ni Ọmọ Yóò Sùn?

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ló máa ń wà lẹ́nu àwọn tó bá fẹ́ fọ́ ilé kí wọ́n tó tún un ṣe, òótọ́ sì ni. Àmọ́ àwọn tó ń pa á kì í rántí pé ọba ní àgbàlá púpọ̀. Bí iná bá jó apá kan ààfin, àwọn olorì á kó ọmọ wọn lọ sí apá kejì, ìlú á dìde, wọ́n á bá Kábíyèsí tún tirẹ̀ kọ́. Èmi àti ẹ̀yin tí a ní yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan, tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń sáré kiri nínú rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀, ibo la fẹ́ kó wọn lọ? Bí a bá ní ká gba ilé mìíràn fún oṣù mẹ́ta péré, onílé tí a bá bá sọ ọ́ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, owó ọdún kan ló máa béèrè, owó agẹ́ǹtì àti owó àdéhùn á sì gorí ẹ̀. Owó tí a fẹ́ fi ra páànù ti lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fi kúrò. Inú ilé yẹn náà ni wọ́n ń gbé, tí bíríkìlà ń fọ́ ògiri, tí káfíńtà ń já àjà, tí ọmọ sì ń bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ń ba ilé wa jẹ́?"

N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé kò kó jáde. Ẹni tó bá ní àwọn òbí nítòsí tàbí yàrá àlejò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, kó kó àwọn ọmọ lọ, ìyẹn ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá a sọ: iṣẹ́ ni kó máa tẹ̀lé ọmọ, kì í ṣe ọmọ ni kó máa tẹ̀lé iṣẹ́. Ohun tó kù tí mo fẹ́ wí, inú èyí ló ti jáde.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Orí kàlẹ́ńdà ni òkèèrè ti bẹ̀rẹ̀. Àsìkò tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù láti tún ilé ṣe ni ìsinmi gígùn, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n á ní àyè wà, àwọn ọmọ kò lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sí wàhálà àjíṣe àárọ̀. Lójú tèmi, kò sí àsìkò tó burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wà nílé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, òjò sì ń rọ̀ nígbà tí a ṣí òrùlé sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òjò máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà nípa òjò? Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. L'Ọ́yọ̀ọ́ àtijọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ará ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin á ru koríko wá sí ààfin kí wọ́n fi bo òrùlé. Wọn kò dúró de ìgbà tí omi bá ń kán sí orí Kábíyèsí kí wọ́n tó rántí.

Sáà ẹ̀kọ́ kejì ló bọ́ sí i jù fún olómọ, láti ìgbà tí àwọn ọmọ bá wọlé padà nínú oṣù Kìíní títí tí ọdún Àjíǹde á fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, sìmẹ́ǹtì ń gbẹ bó ṣe yẹ, ọmọ tó ti tó ilé ẹ̀kọ́ lọ á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Wákàtí yẹn ni kí ẹ fi fọ́ ògiri, kí ẹ fi gé táìsì, kí ẹ fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ń pariwo tàbí tó ń tú eruku. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́, irú bíi kí wọ́n máa so wáyà tàbí kí wọ́n máa wọn nǹkan, lè kù títí di ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ máa ń gbé eruku tirẹ̀ náà wá, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ kò ní ìṣó nínú.

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé máa wọ yàrá kan ni, kí ẹ yáa tètè fọwọ́ ara yín yan yàrá náà kí ipò tó yàn án fún yín. Yàrá kan ni kó wà tí òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀, tí a kò gbọdọ̀ gbé àpò sìmẹ́ǹtì sí, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú tí òjò sì ń bọ̀. Èyí tó jìnnà jù sí ibi tí iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ mú, tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tí fèrèsé rẹ̀ kò dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń po yanrìn. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn sókè níbẹ̀. Ẹ kó aṣọ ilé ẹ̀kọ́, oògùn, ìwé ilé, oúnjẹ ọmọ àti omi mímu síbẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ àtijọ́ kan sínú omi, ẹ fún un, kí ẹ sì ká a sí ìdí ilẹ̀kùn, kí eruku má ríbi wọlé. Bàtà tí a bá fi tẹ ibi iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ kú sí. Bàbá ọmọ gan-an kò gbọdọ̀ yẹ òfin yìí, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ilé yẹn ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ parí èkíní kí ẹ tó fọ́ èkejì. Bí èyí tó kọ́kọ́ parí bá ti gbẹ, tí òórùn ọ̀dà ti lọ, tí a sì ti ṣí fèrèsé rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìdílé kó bọ́ síbẹ̀, kí yàrá ààbò àná wá di ibi iṣẹ́ ìkẹyìn. Àwọn oníṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá. Fóòmàn á fa ojú ro, á ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká fọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀kan la ó jìyà ẹ̀." Kì í parọ́: fífọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rọrùn fún un, owó iṣẹ́ á sì dín díẹ̀. Àmọ́ bí owó bá wá tán lójijì, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ilé tí a fọ́ lódindi kò ní ibì kankan téèyàn lè sùn sí. Èyí tí a ń ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè dúró síbi tó bá dé, kí ọmọ sì ṣì ní ibi tó fi orí lé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìgbà tí pálọ̀ bá parí ni owó yàrá kejì máa jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eruku, torí ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń fojú di nǹkan jù. A máa ń wò ó bí ohun ìdọ̀tí lásán, tí a bá ti gbá a, ó parí. Eruku ilé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri ilé tí àwọn bàbá wa kọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, l'Ábẹ́òkúta tàbí ní Ọjà'ba n'Íbàdàn, ọ̀dà lórí ọ̀dà ló wà lára rẹ̀, òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní kedere pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọ kékeré tó bá gbé òjé mì, ara rẹ̀ máa ń fà á ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ. Ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Ní 2010, ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ọmọ tó lé ní 400 ló kú nítorí pé àwọn òbí wọn ń fọ́ òkúta góòlù ní agboolé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Kì í ṣe ọ̀dà ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n eruku ni, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ṣeré.

Nítorí náà, ọ̀dà àtijọ́ tó ń bó, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń yí gbirigbiri gbo ó. Kí wọ́n wọ́n omi sí ògiri dáadáa, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lábẹ́, kí wọ́n ha á ní tútù, kí wọ́n ká ọ̀rá náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì gbé e jù nù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe èyí, kí ọmọ àti aboyún kúrò nílé, kódà bó jẹ́ ilé aládùúgbò ni wọ́n máa jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé láti 1978, láti 2010 sì ni agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ tún ilé tó dàgbà ju ìyẹn lọ ṣe ti gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí fún un, nítorí náà kí àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston tàbí Baltimore béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún. Nílé níbí, NAFDAC ti fi òté lé e pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ wo ara ike kí ẹ tó rà á. Ọ̀dà tí ẹnì kan pò ní ẹ̀yìnkùlé, tó wá dà sínú ike tí kò ní orúkọ, ẹ má fi kun yàrá ọmọ, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Àjà náà ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ásíbẹ́sítọ̀sì ni wọ́n fi ṣe àjà. Bó bá wà lókè tí kò sán, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, kò ní ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí káfíńtà bá fi òòlù fọ́ ọ tó já lulẹ̀ wómúwómú ni okùn tín-ín-tín-ín inú rẹ̀ máa fò sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá fà á símú kò sì ní mọ̀. Àìsàn rẹ̀ lè dúró fún 20 ọdún tàbí 40 kó tó yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ro ó wò, ọmọ tó wà ní ọdún mẹ́ta lónìí! Ẹ ní kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní odidi, kí àwọn oníṣẹ́ lo ìbòmú, kí ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni gé e láti fi ṣe ilé adìyẹ.

Ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ní gbígbẹ jẹ́ ọ̀tá ọmọ ní àsìkò yìí. Ọmọ tó ń rá, ilẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ wà, ọwọ́ yẹn náà ló ń lọ sẹ́nu. Ẹ bu omi wọ́n ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lẹ́yìn náà, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, kó sì tó sùn. Ìṣó ńkọ́? Ẹ tú òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ máa wọ́ ọ lórí ilẹ̀ lójoojúmọ́ tí àwọn oníṣẹ́ bá ti ṣíwọ́. Ẹ ó rí ohun tí ìgbálẹ̀ kò kó: ìṣó kékeré, orí síkúrúù, èérún irin. Ohun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ á jẹ́ kí ẹ wọ bàtà fún ọmọ yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí ilé bá ti fọ́, pẹpẹ gan-an ti wà nílẹ̀, ohun gbogbo ti sọ̀kalẹ̀ wá bá ọmọ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tínà àti kẹrosíìnì tí àwọn akunlé máa ń bù sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó funfun bí omi, ike náà sì ni ọmọ mọ̀ mọ́ ohun dídùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oòrùn ń mú, ó rí ike lẹ́bàá ògiri, ó sì gbé e sẹ́nu. Ẹ sọ fún akunlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé inú garawa onídèérí tirẹ̀ ni tínà máa wà, kí ẹ sì fọ́ gbogbo ike òfìfo tó bá wà láyìíká. Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ fetí sí èyí dáadáa nítorí àwọn ìyá àgbà wa kò ní gbà: ẹ má fi epo pupa rọ ọ́ lọ́fun, ẹ má sì ki ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó lè bì. Bí kẹrosíìnì tàbí tínà bá ń padà bọ̀ sókè, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ sì mú ike náà dání.

Sìmẹ́ǹtì tútù náà ń jó ara. Kì í ta ọmọ lójú ẹsẹ̀, ìdí rèé tó fi lè jókòó lé e kó máa mọ ilé eré. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí i lára. Bó bá ta sí i lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí ojú náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó dá ọ̀nà ilé ìwòsàn pọ̀n.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni ohun tí a gbé ti ògiri. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn irin, wọ́n gbé e ti ògiri. Wọ́n gbé dígí fèrèsé dé, wọ́n gbé e ti ògiri. Ọmọ ọdún méjì dìde dúró, ó nawọ́ di etí ilẹ̀kùn náà mú bó ṣe máa ń di àga mú. Ìwúwo rẹ̀ tó láti fà á wá sílẹ̀, kò sì tó láti sá fún un. Kí gbogbo ohun tó bá wúwo sùn sílẹ̀ gbalaja, tàbí kí a fi okùn dè é mọ́ nǹkan tó dúró. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Omi tún wà níbẹ̀. Bíríkìlà kò lè ṣe láìní omi, dúrọ́ọ̀mù á sì kún dẹ́dẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Orí ọmọ kékeré wúwo bí a bá fi wé ara rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ wo inú dúrọ́ọ̀mù tàbí garawa ńlá tó sì ré lulẹ̀ sínú rẹ̀, kò ní lè gbé ara rẹ̀ jáde, kò sì ní lè pariwo. Ìdérí ni kó wà lórí dúrọ́ọ̀mù, kí búlọ́ọ̀kù kan sì wà lórí ìdérí. Kànga àti ihò sọkawéè tí a ṣí, kì í ṣe pákó kan ṣoṣo la ń gbé lé e lórí. Kọ́ńkéré tuntun tí wọ́n ń bu omi sí fún ọjọ́ méje kò burú, àmọ́ omi tó bá dúró sínú táyà, sínú agolo ọ̀dà tàbí sí ojú ọ̀rá ni tanwíji máa ń kún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí tanwíji fi ń di ẹ̀fọn. Ẹ máa dà wọ́n nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Nípa iná, kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe é, kó sì pa á láti ibi tó ti ń wọlé kó tó lọ jẹun ọ̀sán, kí ó má ṣe fi wáyà sílẹ̀ ní ìhòòhò lára ògiri. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ rán yín létí. Ibi tí ẹ ti ń gbé e sí láti ọjọ́ yìí wá lè má léwu nígbà tí fèrèsé wà ní títì. Bí wọ́n bá ti yọ fèrèsé, èéfín rẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé tọ àwọn tó ń sùn lọ, gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ gbé e jìnnà sí i ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ wó ògiri láti mú kí pálọ̀ fẹ̀, tàbí tó fẹ́ gbé àjà kejì lé ilé tí a kọ́ fún ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kọjá ti fóòmàn. Ẹnjiníà ló yẹ kó wò ó, kí ìwé àṣẹ ìjọba sì tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹta 2019, ilé alájà púpọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì l'Ékòó, ọmọ sì wà lára àwọn tó kú. Ilé kì í wó lójijì bí a ṣe rò. Ó máa ń sán, ó máa ń tẹ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá wò ó.

Ẹ jẹ́ ká sinmi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù, ká wọ ilé ìdáná. Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Kò sí ẹni tó máa jẹ́jọ́ pé ìdílé rẹ̀ kò jẹ ẹ̀fọ́ rírò fún oṣù méjì. Ẹ wá igun kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí ọmọ kò lè dé, kí sítóòfù wà níbẹ̀, kó má sì ṣípò padà lójoojúmọ́, torí ibi tí iná bá ń lọ kiri ni ọmọ ti ń jóná. Ẹ se ọbẹ̀ ata díndín tó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, kí gàárì wà nílé. Ohun tí mi ò gbà ni kí oúnjẹ àwọn ọmọ àti ti àwọn oníṣẹ́ máa wà ní ojútáyé nígbà tí wọ́n ń gé táìsì. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e lọ sí yàrá ààbò.

Àwọn oníṣẹ́ náà, ọmọ èèyàn ni wọ́n. Ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ fún wọn lómi tó tutù, ẹ má bú wọn níṣojú ọmọ, nítorí ọmọ tó bá gbọ́ tí bàbá ń pe lébìrà ní ọ̀lẹ á pè é bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n kí òfin wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó má di ìgbà tí inú ti bí yín. Kò sí oníṣẹ́ tó ń rán ọmọ yín lọ ra sìgá tàbí káàdì ìpè. Kò sí ẹni tó ń mú ọmọ wọ yàrá tí iṣẹ́ ń lọ, ì báà jẹ́ láti ṣeré. Ọmọbìnrin, ọmọkùnrin, ìyàtọ̀ kò sí: ẹnì kan nínú ẹbí ni kó máa bá wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn àlejò bá wà láyìíká. Kí á máa bu oúnjẹ fún fóòmàn, kí á sì máa ṣọ́ ọmọ, méjèèjì kò tako ara wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yẹn gbọ́dọ̀ ní orúkọ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan o! "Mo rò pé ọ̀dọ̀ ẹ ló wà" ni gbólóhùn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu tọkọtaya tí ọmọ wọn ti kúrò níwájú wọn. Ní àárọ̀, kí bàbá àti ìyá sọ ọ́ jáde lẹ́nu: láti agogo báyìí sí agogo báyìí, èmi ni, lẹ́yìn náà, ìwọ ni.

Ọkàn ọmọ náà ń gbé nínú ilé tí a ń fọ́. Ọmọ tí kò tọ̀ sórí ẹní mọ́ láti ọdún tó kọjá lè tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń dá sùn lè ní ẹ̀yìn ìyá òun ni òun fẹ́. Ẹ má nà án, kò sí ẹ̀mí èṣù kankan níbẹ̀. Ibi tí ó mọ̀ ni wọ́n fọ́ níwájú rẹ̀, ariwo ń dún, ojú àlejò pọ̀, òun kò sì mọ ìgbà tó máa parí. Ẹ fi ibi tí ògiri tuntun máa dúró sí hàn án, ẹ jẹ́ kó wọ ibi tí iṣẹ́ ti parí lálẹ́ nígbà tí àwọn oníṣẹ́ bá lọ, kó dì yín lọ́wọ́ mú. Ẹ má kó gbogbo ohun ìṣeré rẹ̀ sínú páálí. Kí àkókò oúnjẹ, ìwẹ̀ àti àlọ́ má yí padà, bí ohun gbogbo tilẹ̀ yí padà.

Ẹ sì jẹ́ kí ó ní iṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ilé amọ̀ wà lóde, tí àwọn ará agboolé ń bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ọmọdé ń pọn omi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, ilé tí wọ́n sì wá gbé nínú rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn wà nínú ògiri rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò gba ẹsẹ̀ ọmọdé, a sì ti rí ìdí rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè yan àwọ̀ yàrá tirẹ̀ nínú mẹ́ta tí ẹ̀yin ti kọ́kọ́ yàn. Ó lè ka búlọ́ọ̀kù tí wọ́n já sílẹ̀, kó sì wá jíṣẹ́ iye tó rí. Ó lè gbé omi tútù fún fóòmàn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá yan àwọ̀ ọsàn tó ń pọ́n yòò, ẹ fara dà á. Ọ̀dà kì í ṣe ìyàwó.

Owó ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ní àsìkò yìí, àárẹ̀ sì máa ń kún un. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ tó yàrá méjì, kó ṣe yàrá méjì lọ́dún yìí. Kí ó ya díẹ̀ sọ́tọ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn, nítorí ìgbà tí a bá ṣí ògiri la máa ń rí i pé páìpù inú rẹ̀ ti jẹrà. Bí ẹ bá sì fẹ́ jà, ẹ jáde lọ síta, kí ẹ jà á tán níbẹ̀. Ilé tí ń wó lójú ọmọ ti tó fún un, kó má tún rí i pé àwọn òbí òun ń wó.

Mo ti sọ púpọ̀, ohun kan ló kù, kí bíríkìlà tó gbé òòlù sókè. Ẹ lọ wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ jáde. Abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà tí wọ́n ń gba ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 wà lára ohun tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó máa ń gba ojú ọgbẹ́ ìṣó wọlé. Bí ọ̀kan bá fò, tàbí tí ẹ kò rí káàdì náà mọ́, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gún un níbẹ̀.